Alábàárìn Mẹ́ta fún Rédíò Ìyá Mi

Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí àgbà jókòó. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó yára jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn etí ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹni tó bá sì ń fọ́ èèpo ẹ̀pà nídìí ìtàn etí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò ní rẹ́. Èmi Ọdẹ́sànmí ọmọ Ọdẹ́gbàmí, èmi tí mo dojú ìbọn kọ ẹfọ̀n nínú igbó Ìsàlẹ̀-Ìrókò tí ẹfọ̀n kúnlẹ̀ tó ní kí n jọ̀wọ́ òun. Ìwọ Làṣùpọ̀, ẹ̀rín kí lò ń rín? Bàbá rẹ ló bá mi ru itan ẹfọ̀n náà wálé, òun ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dìde báyìí, kó fi àga sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹran ni gbogbo yín mọ̀ mọ́ mi. Ẹ ò mọ̀ pé ohun tí mo dọdẹ jù láyé mi, ohùn ni, ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí tí a dàgbà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, Àkàngbé ni àbúrò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àkàngbé nígbà tí bàbá wa kú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó fẹ́ràn rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di òkè òkun. Ọdún mọ́kànlá kọjá, a kò fojú kàn án. Ìwé rẹ̀ máa ń dé, èmi á kà á fún ìyá wa, ìyá wa á ní kí n tún un kà, n ó tún un kà. Nígbà tó bá yá, á ní, "Ọdẹ́sànmí, ohùn tìrẹ ni mò ń gbọ́ yìí o. Tirẹ̀ ń kọ́?"

Lọ́jọ́ kan ni ìwé kan dé. Àkàngbé ní òun ti wọ ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rédíò kí ara wọn láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe òwò, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní wọ́n ti fún òun ní ìwé àṣẹ, òun sì ti kan ẹ̀rọ tí òun yóò fi máa sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo Ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun yóò máa pe ìyá òun. Ó kọ nọ́ńbà ibi tí a ó ti máa gbọ́ òun sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá rédíò kan."

Mo wá rédíò. Awọ ẹkùn kan ni mo fi gbà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ó wúwo, èmi nìkan ni mo lè dá gbé e. Gílóòbù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, bí bátìrì bá ti wọ̀ ọ́ lára, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ mi. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ìyá wa wẹ̀, ó wọ aṣọ sányán rẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni ń dúró de àlejò. Ohun tí a gbọ́ dà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan nínú yanrìn. Láàárín rẹ̀ ni àwọn ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń sọ èdè tí a kò gbọ́, tí ìfé ń fé, tí nǹkan kan ń hu bí ajá. Bí ohùn kan bá sì yọ lórí tí mo dì í mú, kò ní pẹ́ tó fi máa yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Rárá o, ìyá mi."

"Ìyẹn ń kọ́?"

"Òyìnbó nìyẹn, ìyá mi."

Ọjọ́rú mẹ́rìndínlógún ni a fi ṣe báyìí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìyá mi pa rédíò náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ara mi ń sọ fún mi pé n kò ní pẹ́ mọ́. Ojú mi ti gbàgbé bí ọmọ yẹn ṣe rí. Bí mo bá dé ọ̀hún tí bàbá yín bi mí pé báwo lohùn Àkàngbé ti rí báyìí, kí ni kí n wí?" Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ náà ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mo sì rí ilé Bàbá Làmídì lọ́ọ̀ọ́kán.

Bàbá Làmídì ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe nílùú wa. Mo gbé tèmi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kó tú u, kó yọ ọkàn àtijọ́, kó fi tuntun sí i. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Bí ẹsẹ̀ bá ń dun arúgbó, ṣé wọ́n máa ń gé e ni? Ọ̀pá ni wọ́n ń fún un. Inú rédíò yìí pé, ó tún pé ju inú tìrẹ lọ. Alábàárìn ni kò ní. Ó fẹ́ ẹni tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí yóò máa yan ẹni tí yóò wọlé. Ó fẹ́ ẹni tí yóò dì í mú kó má máa rìn. Ó fẹ́ ẹni tí yóò máa sẹ́ ariwo kúrò lára ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í tà wọ́n lọ́jà."

"Ẹ bá mi ṣe wọ́n, Bàbá."

"N kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń bẹ lẹ́yìn Igbó Gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ kò padà wá."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo kí ìyá mi, mo gbé ìbọn àti iṣu sísun, ó di inú igbó.

Igbó Gbohùngbohùn, ẹ má bá wọn dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀, àwọn igi á gbà á, wọn á sọ ọ́ padà pẹ̀lú èébú lórí. Mo sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo igbó fi ń sín tẹ̀lé mi. Mo fi ewé dí ẹnu, mo rìn ín já láì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó kí wọ́n fi mí joyè.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo já sí ìlú Ẹnu-Ò-Dákẹ́. Ẹnu méjì méjì ni àwọn ará ibẹ̀ ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́, etí wọn kò sì ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń tà ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń rà ń sọ̀rọ̀, òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin ń ṣàlàyé ohun tó pa á. Wọ́n wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ ọba wọn.

Ọba ní, "Ọdẹ, láti ọgbọ̀n ọdún, ẹnì kan ń bẹ nínú ìlú yìí tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi lójoojúmọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara mi, n kò sì gbọ́ ọ rí. Ta ni? Kí ló ń wí? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí o bá kùnà, a ó dí etí rẹ kan, a ó sì la ẹnu kejì sí ọ ní ìpàkọ́."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn yí ìlú náà ká, tí mo ń gbọ́ gbogbo ènìyàn tí n kò gbọ́ ẹnì kankan. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ìyá arúgbó afọ́jú kan lábẹ́ ògiri tó ń wé okùn bàbà mọ́ igi ọparun. Òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú ìlú náà.

Mo kí i, mo sọ ẹjọ́ mi fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ayé kò ní gbọ́ ẹnì kankan. Yan ẹnì kan, kí o ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Gba okùn yìí, wé e."

Mo wé e. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó tú u. Ó ní àyè wà láàárín ìyípo kẹrin àti ìkarùn-ún. Mo tún un wé, ó tún un tú. Ẹ̀ẹ̀méje ló tú u, èmi tí mo ń fi ìbínú pa ẹkùn! Ní ìkẹjọ, ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, ó mi orí. Ó fi bàbà pẹlẹbẹ kan sí i lórí tí mo lè máa fà síwá sẹ́yìn. Mo gbé e sétí. Bí mo ti ń fa bàbà náà, ohùn kọ̀ọ̀kan ń wọlé lóun nìkan, àwọn yòókù á sì dúró síta. Mo gbọ́ alápatà, mo gbọ́ olè tó ń gbàdúrà, mo gbọ́ òkú àárọ̀ tó ṣì ń ṣàlàyé. Ìgbà tí mo fà á dé ìpẹ̀kun ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìn ààfin, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba. Mo ní, "Kábíyèsí, olorì yín ni. Ó ní oúnjẹ yín ti ń tutù."

Ọba wò mí títí. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó ṣí adé, ó gbé e lé ọwọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó sáré gba ẹ̀yìn ààfin lọ. Ariwo ìlú náà dá fún ìṣẹ́jú kan. Ìyá arúgbó ní kí n máa mú igi ọparun náà lọ, ó ti di tèmi.

Mo tún rin ọjọ́ méje. Ìlú tí mo bá níwájú ni Ilé-Ń-Rìn. Bí oòrùn bá ti mú, ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ á rọra gbéra kúrò ní ipò rẹ̀, á máa sún lọ. Ọkùnrin kan pàdé mi tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n pa láró kọjá níbí?"

"Ó yà sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó mi wà nínú ẹ̀."

Alákòóso ìlú náà ni Iwin Onígò. Ó ga tó ọ̀pẹ, ikùn rẹ̀ jẹ́ ìgò láti àyà dé ìdí, iná pupa kékeré kan sì ń jó láàárín rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, fi ọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan péré, n ó fún ọ ní ohun tí o wá. Bí o bá tàsé lẹ́ẹ̀méje, orí rẹ di tèmi." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń mú ọ̀yà níru! Mo fò, ó ti sún. Mo dọ̀bálẹ̀ rá lọ, ó ti sún. Kò sáré, kò fò, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń sún, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan náà ló sì ń gbà á lọ́wọ́ mi. Mo tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Mo jókòó. N kò ní purọ́ fún yín pé ọgbọ́n ni. Ebi ló ń pa mí. Mo yọ iṣu, mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ àjẹkẹ́yìn. Mo rántí pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, ìyá mi ti wọ sányán rẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò bá a yí rédíò. Àárò ilé sọ mí. Mo pe orúkọ Àkàngbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín àwọn ilé tó ń rìn náà. Ìgbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti kọjá àtàrí. Iná inú ikùn iwin náà ti tàn ká gbogbo ìgò, ara rẹ̀ ti gbóná kárí, ó sì dúró gbọn-in bí ìrókò. Mo kàn dìde ni, mo rìn lọ bá a, mo fọwọ́ lé e.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o kò tètè jókòó?"

"Mò ń kánjú ni."

"Ohun tó bá ti dàgbà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ jókòó tì í kí ara rẹ̀ móoru, kí á tó bi í ní ìbéèrè. Má tan rédíò rẹ ní wákàtí tí àlejò ń bọ̀. Àárọ̀ ni kí o ti tàn án." Ó na ọwọ́ sí abíyá, ó já gílóòbù kékeré kan níbẹ̀, iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. "Ìdákọ̀ró nìyí. Bí agbára bátìrì bá ń lọ sókè sódò, èyí ni yóò mú un dúró sójú kan." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin àgbà tó ń kánjú.

Odò Hàà ni ibi kẹta, ìtàn rẹ̀ kò gùn. Odò náà ń ké bí òjò lórí páànù, obìnrin kan sì jókòó létí rẹ̀ tó ń fi asẹ́ sẹ́ ohùn àwọn tó ti rì sómi kúrò lára ariwo omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe asẹ́ náà, ìyàwó mi wà níjokòó, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ohun tó sọ fún mi ni pé ohùn ènìyàn kò fẹ̀ rárá, ihò asẹ́ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohùn lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ni mo padà. Ìyá mi ti rù. Ó fi ọwọ́ pa mí lójú. Èmi àti Bàbá Làmídì jókòó sí iṣẹ́. A fi agolo mílíìkì ṣe ilé fún asẹ́, a yọ́ àbẹ́là lé okùn rẹ̀ lórí kó má gbọ̀n, a kan pákó ìdí àpótí mọ́ igi ọparun. Mo gun igi àràbà ẹ̀yìnkùlé, mo na okùn bàbà láti ibẹ̀ dé òrùlé. A kò fi ọwọ́ kan inú rédíò. Ìta ni a to alábàárìn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí.

Ọjọ́rú dé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti tàn án. Ìyá mi jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, mo fa bàbà orí igi ọparun, àgbàdo yíyan náà dákẹ́. Àwọn òyìnbó dákẹ́. Rédíò náà pa rọ́rọ́ débi pé mo gbọ́ èémí ìyá mi. Ni ohùn kan bá pè, gbangba, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà:

"Ìyá Ọdẹ́sànmí o!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ohùn bàbá wa ni. Bàbá wa tí a ti sin láti ọdún kẹrìndínlógún! Bó ṣe máa ń fà á nìyẹn tó bá ti oko dé, kò yàtọ̀ rárá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òkú bá pe ènìyàn, a kì í jẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ ti bá a lọ. Mo rí i tí ẹnu ìyá mi ń là. Mo fò dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bò ó lẹ́nu.

"Ìyá Ọdẹ́sànmí o!" Ó tún pè.

Ìyá mi ń jà. Ó ń ké lábẹ́ ọwọ́ mi, àga ṣubú, Bàbá Làmídì ń pariwo pé kí n fi í sílẹ̀, èmi náà ń pariwo pé òkú ni, òkú ni! Ohùn náà sì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó rọra ń sọ ọ́, ó sọ ọ́ pẹ́. Ìyá mi gé mi jẹ. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù tí a gbọ́ ni, "Ó dàbọ̀ o." Lẹ́yìn náà ni ìfé kan fé, ó tán.

"Hòò!" ni ìyá mi ké sínú rédíò náà. "Mo wà níbí o, Àkàngbé! Mò ń gbọ́ ọ!"

Bàbá Làmídì ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yìí kì í gbé ọ̀rọ̀ padà o."

"Ta ló bi ọ́? Ọmọ mi pè mí, mo jẹ́ ẹ."

Mo ní, "Ìyá mi, ohùn bàbá wa ni."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọ̀dẹ̀. "Bàbá rẹ kò pè mí lẹ́ẹ̀mejì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń pè mí, bí n kò bá tètè jẹ́, ó di ìjà. Àkàngbé ló máa ń sín in jẹ láti kékeré, tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo sìn lọ sí ìdí mọ́tò, ohùn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ó ti dọkùnrin, Ọdẹ́sànmí! Àkàngbé mi ti dọkùnrin!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó lé ní oṣù kan kí ìwé Àkàngbé tó dé. Ó ní Ọjọ́rú yẹn ni òun pè kẹ́yìn, nítorí òun ti gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan tó ń lọ sí òkun tí yìnyín rẹ̀ kì í yọ́. Ó ní, "Ohun tó wà lọ́kàn mi láti ọdún mọ́kànlá, mo ti fẹnu sọ gbogbo rẹ̀ fún yín lọ́jọ́ náà, pàápàá fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní tún un kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu dùn ju ti ìwé lọ." Ìwé tó dé kẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò gúnlẹ̀ sí èbúté kankan tí a mọ̀.

Ìyá mi gbé ọdún méjì sí i, ara sì tù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i, á ní, "Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni," á sì pè é bó ṣe pè é. Ìbéèrè tó ń bà á lẹ́rù ti ní ìdáhùn, bó ṣe lọ nìyẹn, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni ìyà jẹ. Mo rin igbó já, mo gba ọba lọ́wọ́ ariwo, mo fọwọ́ kan iwin, àbúrò mi wọ ilé mi wá, mo sì lé e bí òkú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìtàn mi tán lẹ́nu, kò tán nínú. Ẹni tó bá ní àbúrò nílé, kó lọ bi í ní ohun tó sọ láàárọ̀ tí òun kò fetí sí. Mo ṣì ń tan rédíò náà. Gbogbo ayé ló ń wọlé sí i, ó mọ́ gaara. N kò mọ ohun tí Àkàngbé bá mi sọ.